Mo Wá Ojú Iná Lọ sí Dei-Dei

Bí o bá sọ fún ará Àbújá pé Dei-Dei lò ń lọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé ibo lò ń kọ́lé sí. Simẹ́ńtì, páànù, ọ̀pá irin, táìlì, ilẹ̀kùn onírin, pákó gbọọrọ: gbogbo ohun tí ènìyàn lè fi kọ́lé ló tò sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ tó ti Kubwa lọ sí Zuba. Ẹni tí kò bá kọ́lé a máa lọ ra màálù tàbí tòmátì níbẹ̀. Èmi kò ní ilẹ̀ ní Àbújá, n kò sì wá màálù lọ. Ọ̀sílósíkóòpù àlòkù ni mò ń wá, irú ti àtijọ́ tó ní ìgò nínú. Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Kubwa ló rí ọ̀kan lórí òkìtì irin, tó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé nǹkan tí ẹ máa ń sọ nìyí?"

Òun ni. Mo gbéra láti Ìbàdàn, mo gba Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Òkèné jáde sí Lọ́kọ́jà. N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn dá yín dúró. Ẹni tó ti rìn ín mọ ibi tí ihò pọ̀ sí, ẹni tí kò tíì rìn ín yóò fojú ara rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn Lọ́kọ́jà a gba orí afárá Jamata sọdá Odò Ọya, a kọjá Koton Karfe, Abaji àti Gwagwalada, a sì dé Zuba. Ní Zuba, ẹni tó bá kọjú sí ọ̀nà Kàdúná yóò rí Àpáta Zuma tó dúró gbagidi. Òun ló wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n gbé jáde ní 1999, tí àwòrán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀. Yorùbá mélòó ló ti ná Zuma tán kí wọ́n tó fojú kàn án! Mo wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀ lọ sí ọ̀nà Kubwa, kò sì pẹ́ tí awakọ̀ fi ké "Dei-Dei junction!"

Kí ni ẹni tó ń jó òjé nínú yàrá rẹ̀, tó ń to rédíò kékeré, tó ń tún ṣájà ṣe fún àwọn ará àdúgbò, fẹ́ fi ọ̀sílósíkóòpù ṣe? Mítà tí gbogbo wa ń lò, iye ló ń kà. Yóò sọ pé fólítì 230 ló wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tán. Kò lè sọ bí iná náà ṣe ń rìn. Iná NEPA (orúkọ tuntun wọn kò tíì wọ̀ wá lẹ́nu) kì í dúró lójú kan: ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ibi tó bá ga dé, ó tó fólítì 325, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 230 ni mítà ń pè é. Ọ̀sílósíkóòpù ló ń ya ìrìn yẹn sójú gíláàsì kí ènìyàn lè wò ó.

Karl Ferdinand Braun, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe irú ìgò tó wà nínú rẹ̀ ní 1897, nígbà tó ń kọ́ni ní Strasbourg. Ní ẹ̀yìn ìgò, irin tín-ín-rín kan ń gbóná, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń fò jáde lára rẹ̀. Awẹ́ irin méjì tó dojú kọ ara wọn ń fà á sókè tàbí sísàlẹ̀, bí iná tí a fẹ́ wò bá ṣe pọ̀ tó. Méjì mìíràn ń gbé e láti òsì lọ sí ọ̀tún, bí a bá ṣe fẹ́ kó yára tó. Níbi tó bá ti kan gíláàsì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi kun inú rẹ̀ a tàn ní àwọ̀ ewé. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, irú èyí tí àwọn òbí wa fi wo WNTV n'Íbàdàn láti 31 October 1959, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni; òòfà ni tẹlifíṣọ̀n fi ń darí ìtànṣán tirẹ̀, kì í ṣe awẹ́ irin. Síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán inú síkóòpù kì í fẹ́ dúró, ṣe ló ń yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Howard Vollum àti Jack Murdock, tí wọ́n dá Tektronix sílẹ̀ ní 1946 ní Portland ní Amẹ́ríkà, ló gbé síkóòpù 511 jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú trigger tó ń mú kí ìlà máa bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà nígbà gbogbo. Láti ìgbà náà ni síkóòpù ti di ohun tí ènìyàn lè jókòó tì, kó fara balẹ̀ wò.

Tuntun wà lọ́jà. Rigol àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ti Ṣáínà wá fúyẹ́, wọ́n ń pa àwòrán mọ́, wọ́n sì ń ṣe ìṣirò fúnra wọn. Ẹni tó bá lówó rẹ̀ kí ó rà á, n kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n owó ọ̀kan lè kó owó oṣù mélòó kan jẹ lọ́wọ́ olùkọ́, bó bá sì bàjẹ́, inú ike dúdú kékeré kan ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà, kò sí ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ti àtijọ́ ni ọwọ́ ń wọ̀. Àwọn tó ṣe é ya àwòrán wáyà rẹ̀ sínú ìwé tó bá a wá, wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan yóò tú u lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń ná owó ọkọ̀ kiri nítorí rẹ̀.

Láti junction, àwọn ọlọ́kadà yí mi ká. Mo ní màá fẹsẹ̀ rìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 18 May 2022 ló sọ sí mi lọ́kàn: obìnrin kan já bọ́ lórí ọ̀kadà ní Dei-Dei, ọkọ̀ ńlá tẹ̀ ẹ́ pa, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oníṣòwò títí ẹ̀mí fi ṣòfò tí ìjọba sì ti ọjà pa. Lónìí, ọjà ń hó. Mo gbọ́ Hausa, mo gbọ́ Igbo, mo gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń wọn pákó. Àwọn ìyá Gbagyi, tí ilẹ̀ yìí jẹ́ tiwọn kí òfin 1976 tó sọ ọ́ di ti olú ìlú, ń gbé ẹrù kọjá lórí èjìká, kì í ṣe lórí.

Ibi tí mò ń lọ kò sí láàárín simẹ́ńtì. Ẹ̀yìn ni, níbi tí wọ́n ń pè ní pantaker, tí àwọn baban bola tó ń ti ọmọlanke káàkiri Àbújá ra àkúfọ́ ti ń já ẹrù wọn. Òkìtì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fíríìjì, òkìtì fáànù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí eyín rẹ̀ ti yọ, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti já ọrùn ìgò rẹ̀ nítorí bàbà tó yí i ká. Òórùn wáyà tí wọ́n ń sun kí ike ara rẹ̀ lè jó dànù kò kúrò ní imú mi títí alẹ́. N kò lè ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ Basel Convention fún Áfíríkà, tó wà n'Íbàdàn níbí, pẹ̀lú Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìwádìí kan jáde ní 2018 pé bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ohun èlò oníná àlòkù ló gba Èkó wọlé lọ́dún ní 2015 àti 2016, àti pé ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Irú òkìtì báyìí ni ìdá 19 náà ń parí ìrìnàjò rẹ̀ sí.

Síkóòpù náà wà lábẹ́ àga onírin kan. Mo fi etí agbádá nu iwájú rẹ̀: HAMEG, HM203-6. Ọkàn mi balẹ̀. Frankfurt ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ HAMEG sílẹ̀ ní 1957, Rohde & Schwarz sì rà á ní 2005. Wọ́n ta 203 púpọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́. Ojú ìwòran méjì, megahertz 20. Ìyẹn ni pé ìgbì rédíò AM kò ní ṣòro fún un, ṣùgbọ́n kò lè rí ìgbì Splash FM tó ń fọhùn ní 105.5 n'Íbàdàn. Ní megahertz 20 gan-an, àwòrán rẹ̀ ti fi bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀ sílẹ̀. Fún ẹni tó ń tún ṣájà àti ampulifáyà ṣe, ó tó, ó ṣẹ́kù.

Ọmọkùnrin tó ni òkìtì náà wo bí mo ṣe ń wò ó. "Oga, na hospital TV," ló wí. Ó ní wọ́n fi ń wo ọkàn aláìsàn. N kò jiyàn. Ó gbé e kọ́ orí òṣùwọ̀n, kílò bíi méje, ó sì dá iye kan tó jẹ́ ti irin àti bàbà. Ká ní mo sanwó nígbà náà, owó táṣẹ́rẹ́ ni. Mo bi í pé, "Akwai wuta?" Ó rẹ́rìn-ín. "Babu." Kò sí iná níbẹ̀ láti àná.

Ní ìkángun ọ̀nà, lábẹ́ páànù kan, bàbá àgbàlagbà kan jókòó láàárín àwọn sípíkà tó ti já. Mo gbọ́ tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn Ọ̀ffà pọ́nńbélé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Oo, ọmọ mi. Kí lo gbé dání yẹn?" Kí n tó dáhùn, ó ti bọ́ jígí rẹ̀, ó ti nu ún. "Ha! Síkóòpù! Wọ́n ò tíì fọ́ èyí?"

Tẹlifíṣọ̀n ni Bàbá ń tún ṣe ní Ìlọrin kí ìjọba tó kó wá sí Àbújá ní 1991. Ó tẹ̀ lé oníbàárà rẹ̀ wá. Ó ní nígbà tí tẹlifíṣọ̀n oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé, iṣẹ́ sá lọ, ló fi di alátùn-ún-ṣe sípíkà. Ó na ìka sí mi: "Má sanwó kí o tó rí ìlà." Ó ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré gba owó ṣájà fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí a tó ki í bọ iná, a yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ilé fíúsì rẹ̀ onígun mẹ́rin ni, èèyàn lè yọ ọ́, kí ó yí i, kí ó tún kì í padà. Ibi tí ọfà ara rẹ̀ bá kọjú sí ni iye iná tí ẹ̀rọ ń retí, 110, 125, 220 tàbí 240. Ọfà tiwa kọjú sí 220. Síkóòpù tó ti Amẹ́ríkà wá tó ṣì wà lójú 110 a máa rú èéfín kí olówó tó pariwo, nítorí náà, ẹni tó bá ń ra àlòkù ní ọjàkọ́jà, ẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó wo iwájú.

Jẹnẹrétọ̀ sọ. Bàbá tẹ bọ́tìnnì. Iná pupa kékeré tàn. A dúró. Ọmọkùnrin oní-pantaker náà ti dé ẹ̀yìn wa, àwọn mélòó kan ti tẹ̀ lé e. Ìgbà tí irin inú ìgò gbóná tán, ìlà ewé kan yọ, ó mọ́lẹ̀ gaara, ṣùgbọ́n ó dagun, apá òsì rẹ̀ ga ju apá ọ̀tún lọ.

"Ó ti bàjẹ́," ni ẹnìkan wí.

Bàbá mi orí. Ó di síkóòpù mú, ó yí i kúrò ní ìhà ìlà-oòrùn sí ìhà àríwá, ìlà náà sì yí igun rẹ̀ padà díẹ̀ lójú wa. Òòfà ilẹ̀ ayé ló ń fa ìtànṣán yẹn. Bó ṣe ń fà á ní Frankfurt kọ́ ló ṣe ń fà á ní Àbújá, àwọn ará Jámánì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n dá ihò kékeré kan sí iwájú ẹ̀rọ, wọ́n kọ TR sí i. Bàbá ti skrudẹ́rẹ́fà bọ̀ ọ́, ó yí i fẹ́ẹ́, ìlà náà sì sùn sílẹ̀ gbọọrọ. Mo wo ojú gíláàsì bóyá ibì kan ti jóná, nítorí ẹni tó bá gbàgbé ìmọ́lẹ̀ líle sójú kan fún oṣù mélòó kan, àpá rẹ̀ kì í lọ. Kò sí àpá. Mo yí gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń mú kí ìlà fò sókè sódò, ìdọ̀tí ni, òògùn ìfọ̀ yóò wò ó.

Próòbù kò sí. Bàbá mú tíránsífọ́mà kékeré kan tó ń sọ 230 di 12, ó so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, ó sì fi wáyà lásán gbé 12 náà wọ síkóòpù. Ẹ má ṣe fi síkóòpù kan iná sọ́kẹ́ẹ̀tì láìsí irú alárinà báyìí. Ara irin rẹ̀ so mọ́ ilẹ̀, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ kì í ṣe eré. Ìgbì dìde, ó dúró. Mo fi bọ́tìnnì àkókò sí mílísẹ́kọ́ǹdì 5 fún àpótí kan. Iná tó ń rìn nígbà 50 yẹ kó gba àpótí mẹ́rin gééré fún ìyípo kan. Tiwa kò tó mẹ́rin.

"Ó ń sáré jù," ni Bàbá wí. Ó dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ ọmọ náà, ó sì ń fi skrudẹ́rẹ́fà dín in. Èmi ń wo gíláàsì, mò ń pè é: "Ó kù díẹ̀, Bàbá. Ó kù díẹ̀ sí i. Ó tó!" Ìgbì náà ń fẹ̀ síwájú bó ṣe ń yí i, títí ó fi bọ́ sórí ìlà àpótí kẹrin. Ohùn jẹnẹrétọ̀ rọ̀. Ọmọ tó ni ín kígbe pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ẹni tí yóò bá òun pa ariwo yẹn.

HM203 tún ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ síkóòpù olówó ńlá kò ní, bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Component Tester sí. A fi wáyà méjì kan rèsísítọ̀, ìlà dagun. A fi kan dáyọ́òdù, ìlà ṣẹ́ ní àárín. A fi kan kàpásítọ̀, ó di òbìrípo. Ọmọkùnrin oní-pantaker sáré lọ mú pátákó ṣájà kan wá láti orí òkìtì rẹ̀ pé kí a bá òun wò ó. A wò ó. Dáyọ́òdù kan ti kú, ìlà rẹ̀ kò ṣẹ́ rárá. Ó mú òmíràn wá.

Lẹ́yìn èyí ni mo bi í pé èló. Iye tó dá ti di ìlọ́po mẹ́rin ti òṣùwọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ Bàbá rí: ìlà tí mo rí kí n tó sanwó, ẹni tó ń tà á náà rí i. Inú bí mi fún ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkóòpù yìí ni wọ́n ti fọ́ yọ bàbà. Ẹni tó fi èyí sílẹ̀ lódindi lábẹ́ àga, tó rò pé aláìsàn kan lè tún lò ó, ìtọ́jú rẹ̀ ní owó tirẹ̀. Bàbá bá a sọ Hausa, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní kó ka iye ènìyàn tó ti béèrè rẹ̀ látọjọ́ tó ti wà níbẹ̀. A parí rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà.

Ó ku ohun kan. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irú nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba máa ń kọ sára ẹrù wọn, ẹnìkan sì ti ha ìdajì rẹ̀ kúrò. Ìjọba Àbújá ti lé àwọn oní-pantaker lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ìdérí kòtò ojú títì àti irin ẹ̀gbẹ́ afárá tí àwọn olè ń tú tà. Mo ní n kò ní gbé e láìmọ orísun rẹ̀. Ojú ọmọkùnrin náà kọ́rẹ́, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó pẹ́. Ó mú ìwé gbàǹjo kan tó ti rún jáde, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, ẹrù ọ́fíìsì àlòkù lápapọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì ní kó kọ rìsíìtì tèmi sí i, kó kọ HM203 gbọingbọin. Àwọn kan lára àwọn tó ń wòran rò pé mo ń fi ẹ̀gàn kan ọmọ náà. Bàbá ò rò bẹ́ẹ̀. Òun ló fún wa ní báírò.

Ní Kubwa lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tú ìdérí rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti yọ ọ́ kúrò lójú iná tipẹ́tipẹ́, nítorí ìgò yẹn ń gba nǹkan bíi fólítì 2,000, kàpásítọ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè gbàgbé. Eruku ọyẹ́ ló kún inú rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a jáde, mo wo àwọn kàpásítọ̀ bóyá èyí kan ti wú, mo dé e padà.

Àbúrò mi ní ínfátà tuntun nílé. "Pure sine wave" ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáànù ilé náà ń kùn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé, fíríìjì sì ń gbóná lẹ́yìn. Mo mú tíránsífọ́mà tí Bàbá tà fún mi, mo so ó mọ́ ínfátà náà.

Kì í ṣe ìgbì. Àtẹ̀gùn ni: iná náà fò sókè ní ẹ̀ẹ̀kan, ó dúró, ó já wálẹ̀, ó dúró, ó já sísàlẹ̀, igun rẹ̀ mú. Nígbà tí NEPA mú iná dé, mo gbé tíránsífọ́mà lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìlà tó rọra tẹ̀ ló sì jáde, orí rẹ̀ pẹlẹbẹ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n yà á," ni àbúrò mi wí. Ó ya méjèèjì, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó ta ínfátà fún un lórí WhatsApp, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èyí ni tiyín, èyí ni ti NEPA.

Ìdáhùn kò pẹ́ rárá. Ẹni náà ní àwọn kì í tún tẹlifíṣọ̀n ṣe.